Òdòdó Àbújá: Ta Ni Ó Ni Ilẹ̀ Tí A Gbìn Ín Sí?

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti ilẹ̀ Yorùbá lọ sí Àbújá fún ìgbà àkọ́kọ́, bí ó bá padà délé tí àwọn ará ilé ní kí ó ròyìn ohun tí ojú rẹ̀ rí, kò ní ṣàì sọ nípa títì gbọọrọ, kò ní ṣàì sọ nípa àpáta Aso, kò sì ní ṣàì sọ nípa òdòdó. Òdòdó wà láàárín títì tí ó lọ àti èyí tí ó bọ̀. Ó wà lẹ́nu ọ̀nà àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba. Ó rọ̀ sára ògiri àwọn ilé ńláńlá ní Maitama àti Asokoro, pupa, funfun àti èsè àlùkò. Èyí kì í ṣe ọ̀ràn fàájì lásán. Àwọn tí ó ya àwòrán ètò ìlú náà ní ọdún 1979 ti fi í sínú àwòrán wọn pé kí a fi àyè sílẹ̀ fún igi, fún koríko àti fún ọgbà ìgbafẹ́, kí olú-ìlú tuntun má baà dà bí Èkó tí ilé ti gba gbogbo ilẹ̀ mọ́ ènìyàn lọ́wọ́. Nígbà tí Ọbabìnrin Elizabeth Kejì wá sí Nàìjíríà ní oṣù Kejìlá ọdún 2003, ọgbà ni a mú un lọ ṣí ní Àbújá, èyí tí a ń pè ní Millennium Park títí di òní.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí a kì í sábà bi ara wa. Àwọn wo ni ó ń gbin òdòdó wọ̀nyí? Níbo ni wọ́n ń gbìn wọ́n sí kí a tó rà wọ́n lọ sí Maitama? Níbo sì ni àwọn olùgbìn náà ń fi orí lé bí ilẹ̀ bá ṣú? Bí a bá tọ ipasẹ̀ ìbéèrè wọ̀nyí, kò ní pẹ́ tí a ó fi gun òkè Mpape.

Mpape wà lábẹ́ Ìgbìmọ̀ Ìjọba Ìbílẹ̀ Bwari. Ọ̀nà márosẹ̀ tí ó lọ sí Kubwa ni ó là á kúrò lára Maitama. Ẹni tí ó bá dúró ní ibi gíga ní Mpape a máa wo òrùlé àwọn ọlọ́lá nísàlẹ̀. Ẹni tí ó bá sì gbójú sókè ní ẹ̀bá Maitama a máa rí àwọn ilé kéékèèké tí ó há mọ́ra wọn lára òkè. Àwọn Gbagyi, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní Gwari, ni onílẹ̀ ibẹ̀ láti ayébáyé. Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ Àbújá, òkúta tí a fọ́ ní òkè Mpape wà lára ohun tí a fi tẹ́ títì tí a sì fi kọ́ ilé. Àwọn òṣìṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gba yàrá lọ́wọ́ àwọn onílẹ̀, nítorí pé owó ilé láàárín ìlú ju agbára wọn lọ. Bí Àbújá ṣe ń gbòòrò ni Mpape ń kún. Lónìí, Hausa wà níbẹ̀, Tiv wà níbẹ̀, Igbo wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ènìyàn tiwa náà: bíríkìlà, télọ̀, awakọ̀, alásè, olùṣọ́ ẹnu ọ̀nà, àti àwọn tí ń tọ́jú ọgbà. Bí ilẹ̀ bá mọ́, wọn a sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ìlú àwọn ọlọ́lá. Bí ó bá di ìrọ̀lẹ́, wọn a tún gun òkè padà.

Iṣẹ́ òdòdó kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀lẹ. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Àbújá mọ àwọn ọgbà tí à ń wí. Wọ́n wà lẹ́bàá títì, wọ́n wà lábẹ́ wáyà iná ńlá, wọ́n wà ní etí odò, níbi tí ẹnikẹ́ni kò lè kọ́lé sí. Ọ̀rá dúdú ni a tò lẹ́sẹẹsẹ, òdòdó kọ̀ọ̀kan nínú ọ̀rá tirẹ̀. Ẹni tí ó ń ṣe iṣẹ́ náà yóò po ilẹ̀ dúdú mọ́ yanrìn àti ìgbẹ́ adìẹ tàbí ti màlúù tí ó ti jẹrà. Yóò gé ẹ̀ka ixora, bougainvillea, hibiscus tàbí allamanda, yóò tẹ̀ ẹ́ bọ inú ọ̀rá, yóò sì gbé e sábẹ́ ibòji títí yóò fi ta gbòǹgbò. Àwọn kan yá: hibiscus kì í dá ènìyàn lágara. Ixora ní tirẹ̀ kì í kánjú, oṣù pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó tó di ohun tí a lè fi han oníbàárà. Igi gíga tí a fi ń ṣe ọgbà àyíká ilé, èyí tí àwọn ènìyàn sọ ní igi eégún nítorí pé ewé rẹ̀ bò ó láti òkè dé ilẹ̀ bí agọ̀, irúgbìn ni a fi ń gbìn ín, ọdún ni a sì fi ń kà á.

Láti oṣù Kẹrin títí dé oṣù Kẹwàá, òjò a máa ran olùgbìn lọ́wọ́. Lẹ́yìn èyí ni ọyẹ́ yóò dé láti apá aṣálẹ̀. Ilẹ̀ inú ọ̀rá kì í pẹ́ gbẹ, nítorí pé kò ní ilẹ̀ nísàlẹ̀ tí yóò fa omi mu. Bí a kò bá bomi rin ín ní àárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, ọjọ́ díẹ̀ tó láti pa iṣẹ́ ọdún kan run. Ẹni tí odò kò sún mọ́ yóò ra omi lọ́wọ́ àwọn mẹ́rúwà tí ń ti kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́kẹ́ẹ̀gì kiri. Nítorí náà, nígbà tí a bá ń ná òdòdó ní oṣù Kejì tí a sì ń sọ pé olùtà ń rẹ́ wa jẹ, ó yẹ kí a rántí pé omi ni ó ń tà fún wa ní àkókò náà, òdòdó kàn wà nínú rẹ̀ ni.

Kí ni ìdí tí ó fi jẹ́ inú ọ̀rá ni a ń gbin gbogbo rẹ̀ sí? Ìdí kan ni pé kí oníbàárà lè gbé e lọ. Èyí hàn sí gbogbo ènìyàn. Ìdí kejì ni a fẹ́ tẹnu mọ́, nítorí pé nínú rẹ̀ ni ọ̀ràn wà.

Nínú òfin ilẹ̀ àwọn baba wa, àlejò tí a bá fún ní ilẹ̀ dáko lè gbin ẹ̀gẹ́, àgbàdo, iṣu àti ẹ̀wà bí ó ti wù ú, yóò sì máa san ìṣákọ́lẹ̀ fún onílẹ̀. Ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ gbin kòkó tàbí obì láìgba àṣẹ, nítorí pé ẹni tí ó bá gbin igi tí yóò gbé ogún ọdún lórí ilẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ pé òun ni ó ni ilẹ̀ náà. Ìdí nìyí tí ẹjọ́ ilẹ̀ fi sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ara igi. Pèrègún sì ni a fi ń pa ààlà: ibi tí pèrègún bá dúró sí, ibẹ̀ ni oko lágbájá parí sí, ẹ̀rí kò tún ju ìyẹn lọ. Ní Àbújá, pèrègún yìí kan náà wà nínú ọ̀rá dúdú lẹ́bàá títì, ó ń dúró de ẹni tí yóò rà á. Igi tí a fi ń mọ ẹni tí ó ni ilẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹni tí kò ní ilẹ̀. Olùgbìn fi í sínú ọ̀rá nítorí pé kò mọ ọjọ́ tí a ó ní kí òun kó ẹrù òun kúrò.

Kí a má baà rò pé ìwà ìkà ẹnìkan ni ó fa èyí, ẹ jẹ́ kí a rántí bí ilẹ̀ Àbújá ṣe di ti ìjọba. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1975, ìjọba Ọ̀gágun Murtala Muhammed yan ìgbìmọ̀ kan láti wádìí bóyá ó yẹ kí olú-ìlú kúrò ní Èkó. Adájọ́ Akínọlá Agúdà ni alága rẹ̀, Tai Solarin sì wà lára àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ náà. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé Yorùbá kò sí níbẹ̀ nígbà tí a ń pète ìlú yìí. Ní ọjọ́ Kẹta oṣù Kejì ọdún 1976, Òfin Kẹfà ti ọdún náà sọ gbogbo ilẹ̀ agbègbè olú-ìlú di ti Ìjọba Àpapọ̀. Èrò àkọ́kọ́ ni pé a ó kó gbogbo àwọn ọmọ onílẹ̀ kúrò, a ó sì fún wọn ní ibòmíràn, kí ó má baà sí ẹ̀yà kan tí yóò sọ pé òun ni ó ni olú-ìlú gbogbo wa. Nígbà tí a ṣírò owó rẹ̀, a rí i pé ó pọ̀ jù, a sì gbà kí ẹni tí ó bá fẹ́ dúró máa dúró. Bí àwọn abúlé Gbagyi ṣe kù sí inú àwòrán ìlú ńlá nìyẹn, tí ọ̀pọ̀ ilẹ̀ wọn kò ní ìwé lọ́dọ̀ ìjọba, tí wọn kò sì kúrò lórí rẹ̀. Ibẹ̀ ni gbogbo ìjà tí ó tẹ̀lé e ti bẹ̀rẹ̀.

Láàárín ọdún 2003 àti 2007, nígbà tí Nasir El-Rufai jẹ́ Mínísítà, a wó ọ̀pọ̀ ilé ní agbègbè náà láti dá ìlú padà sínú àwòrán rẹ̀. Ìjọba yìí kan náà ni ó tún ojú ọ̀pọ̀ ọgbà ṣe. A kò lè yọ èyí kúrò nínú ìyẹn: katakata tí ó wó ilé wà níbẹ̀, omi tí a fi rin òdòdó náà wà níbẹ̀. Ní ọdún 2012, ọ̀rọ̀ kan Mpape. Àwọn aláṣẹ kéde pé àwọn yóò wó o, àwọn ará ibẹ̀ sì gbé ọ̀ràn náà lọ sí ilé-ẹjọ́. Ní oṣù Kejì ọdún 2017 ni Ilé-Ẹjọ́ Gíga ti Olú-Ìlú Àpapọ̀ dá ẹjọ́ náà, tí ó dá àwọn aláṣẹ lẹ́kun wíwó àdúgbò náà. Ìdájọ́ yẹn mú kí ọkàn balẹ̀ díẹ̀. Ó dá wíwó ilé dúró, ṣùgbọ́n kò sọ yàrá ẹnikẹ́ni di onílé, kò sì fún ọgbà òdòdó kankan ní ìwé. (Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2018, nígbà tí ilẹ̀ mì tìtì ní Mpape àti ní Maitama, ọlọ́lá àti mẹ̀kúnnù jọ sá jáde ni. Ilẹ̀ kò wo ìwé ẹnikẹ́ni ní ọjọ́ yẹn.)

Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti ọdún 1978 sọ pé bí ìjọba bá gba ilẹ̀ fún àǹfààní gbogbo ènìyàn, yóò san owó ilé àti ti irè oko fún ẹni tí ó ní ẹ̀tọ́ sí ilẹ̀ náà. Ẹ kíyè sí ìparí gbólóhùn yẹn. Ẹni tí ó gba àyè ìgbà díẹ̀ lẹ́bàá títì kò ní ẹ̀tọ́ sí ilẹ̀, òdòdó inú ọ̀rá kò sì ta gbòǹgbò sínú ilẹ̀ ẹnikẹ́ni. Bí ọkọ̀ katakata bá dé, ohun tí a ó sọ fún un ni pé kí ó gbé e. Lóòótọ́ òdòdó inú ọ̀rá ṣeé gbé, ṣùgbọ́n ẹgbẹ̀rún ọ̀rá kò ṣeé gbé ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, àti pé ibo ni yóò gbé e lọ?

Èyí ni ó mú wa dé orí òdòdó tí a ń gé tà, èyí tí a ń fi ẹ̀bùn ránṣẹ́, tí a ń gbé síwájú ìyàwó ní ọjọ́ ìgbéyàwó tàbí sórí pósí òkú. Ní ọjọ́ Kẹrìnlá oṣù Kejì lọ́dọọdún, tí àwọn ọ̀dọ́ ń ṣe ọjọ́ olólùfẹ́, ẹ lọ wo àwọn ilé ìtajà ní Àbújá. Púpọ̀ nínú róòsì tútù tí ẹ ó rí níbẹ̀, ọkọ̀ òfuurufú ni ó gbé e wá. Èyí tí kò sì wá nínú ọkọ̀ òfuurufú, ike ni, ilẹ̀ China ni a ti rọ ọ́. Ìlú tí òdòdó kún ojú títì rẹ̀ báyìí ń fi owó òkèèrè ra òdòdó tí yóò gbẹ láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

Ìdáhùn tí a máa ń gbọ́ ni pé ooru wa pọ̀ jù. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Róòsì fẹ́ràn òtútù òru. Naivasha ní ilẹ̀ Kenya, níbi tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ róòsì Áfíríkà ti ń jáde, ga tó nǹkan bí 1,900 mítà ju òkun lọ. Àbújá kò tó ìdajì ìyẹn. Ṣùgbọ́n òkè Jọ́ọ̀sì ga ju 1,200 mítà lọ, òkè Mambilla àti òkè Obudu sì tún ga ju Jọ́ọ̀sì lọ. Pẹ̀lúpẹ̀lù, kì í ṣe róòsì nìkan ni òdòdó. Ilẹ̀ Thailand gbóná, ó sì ń móoru bí Èkó, síbẹ̀ òun ni ó gba iwájú ní ayé nínú títa òdòdó orchid tí ó jẹ́ ti ilẹ̀ olóoru. Anthurium, heliconia àti òdòdó tí ó jẹ́ ìbátan ata-ilẹ̀ kò bẹ̀rù oòrùn bí ibòji àti omi bá wà, àwọn ilé ìtura ńláńlá sì fẹ́ràn wọn nítorí pé wọ́n máa ń pẹ́ nínú omi ju róòsì lọ.

Nítorí náà, ooru nìkan kọ́. Ẹ wo bí Kenya ṣe ṣe é. Ní nǹkan bí ọdún 1969, ilé-iṣẹ́ kan láti ilẹ̀ Denmark bẹ̀rẹ̀ sí í gbin òdòdó níbẹ̀ lọ́nà ńlá, ìjọba sì fún un ní ilẹ̀ tí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀ lé lórí. Lónìí, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta róòsì tí àwọn orílẹ̀-èdè Ìṣọ̀kan Yúróòpù ń rà láti òkèèrè, Kenya ni ó ti ń wá. Lẹ́yìn ọdún 2000, Ethiopia náà tẹ̀lé e: ìjọba yá àwọn olùgbìn ní ilẹ̀ ní owó pọ́ọ́kú lẹ́bàá Addis Ababa, báńkì ìjọba yá wọn lówó, ọkọ̀ òfuurufú ìjọba gbé ẹrù wọn. Igi róòsì tí a bá gbìn dáadáa yóò máa mú òdòdó wá fún bí ọdún márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó fẹ́ ilé ọ̀rá tí a fi bò ó, ó fẹ́ páìpù omi, ó fẹ́ yàrá òtútù tí a ó kó o sí ní kété tí a bá gé e. Ta ni yóò kọ́ yàrá òtútù sórí ilẹ̀ tí a lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀? Ẹni tí ilẹ̀ kò dá lójú, ohun tí yóò gbìn ni ohun tí ó lè gbé sá. Bí a bá wò ó dáadáa, róòsì Kenya tí à ń rà ní Àbújá jẹ́ owó ìtanràn tí à ń san nítorí pé a kò yanjú ọ̀ràn ilẹ̀.

A kò sọ pé kí a ṣe àwòkọ ohun gbogbo tí Kenya àti Ethiopia ṣe. Àríyànjiyàn pọ̀ ní Naivasha lórí omi adágún tí àwọn oko òdòdó ń fà àti lórí owó iṣẹ́ tí ó kéré. Ní Ethiopia, àwọn àgbẹ̀ kéékèèké wà tí a gba ilẹ̀ lọ́wọ́ wọn kí oko òdòdó lè rí àyè. Yóò jẹ́ ohun ìtìjú bí a bá lé àwọn Gbagyi kúrò lórí ìyókù ilẹ̀ baba wọn nítorí àtigbin róòsì. Ohun tí à ń wí kéré ju ìyẹn lọ, ó sì rọrùn ju ìyẹn lọ.

Àkókò sì ni ó yẹ kí a sọ ọ́. Kí oṣù Kẹfà ọdún 2023 tó pé ìdajì, nǹkan bí náírà 470 ni ìjọba ń ṣẹ́ dọ́là kan. Nígbà tí yóò fi di oṣù Kejì ọdún 2024, ó ti kọjá náírà 1,500. Òdòdó tí a fi dọ́là rà ti di ìlọ́po mẹ́ta láìjẹ́ pé olùgbìn Kenya fi kọ́bọ̀ kan kún iye tirẹ̀. Ẹni tí ó bá lè gbin òdòdó gígé tà ní ẹ̀bá Àbújá lónìí ní ọjà tí kò ní ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn.

Ohun mìíràn tún wà tí ó dùn wá. Bí ẹ bá ka orúkọ àwọn òdòdó tí ó gbajúmọ̀ ní ọgbà Àbújá, àlejò ni púpọ̀ nínú wọn. Bougainvillea, ilẹ̀ Brazil. Ixora, ilẹ̀ India. Igi sẹ́kẹ́sẹ́kẹ́ tí òdòdó rẹ̀ pupa bí iná, erékùṣù Madagascar. A kò kórìíra àlejò, àwa náà jẹ́ àlejò níbi tí a wà. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn tiwa ní òkèèrè. Pèrègún wà nínú ìkòkò ní ilé ìfowópamọ́ àti pápákọ̀ òfuurufú káàkiri Yúróòpù àti Amẹ́ríkà. Ọ̀já ìkokò, tí ó máa ń hù ní ẹ̀yìnkùlé wa láìsí ẹni tí ó gbìn ín, ni àwọn ará ibẹ̀ ń fi owó gidi rà. Òrúrù ti rékọjá òkun dé àwọn erékùṣù Pacific, ó sì ti hù níbẹ̀ débi pé wọ́n kà á sí ìyọnu. Òdòdó aláwọ̀ funfun tí ahọ́n rẹ̀ pupa, tí ó máa ń fà mọ́ ọgbà, láti Calabar ni míṣọ́nnárì kan tí ń jẹ́ Thomson ti fi í ránṣẹ́ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní nǹkan bí ọdún 1860, orúkọ ìyàwó rẹ̀ tí ó ti kú ni a sì fi sọ òdòdó náà títí di òní.

Òdòdó tí ó wà nísàlẹ̀ àmì àṣẹ orílẹ̀-èdè wa ńkọ́? Costus spectabilis ni orúkọ rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀, ìbátan tẹ̀tẹ̀ẹ̀gùn tiwa ni. Ewé rẹ̀ a máa tẹ́ sílẹ̀ pẹrẹsẹ, òdòdó rẹ̀ a sì yọ láàárín ewé náà nígbà òjò, ó pọ́n bí ẹyin ògòǹgò tí a sè. Àwọ̀ ìyeyè ni, ṣùgbọ́n àwọn ayàwòrán ti sọ ọ́ di pupa lórí ọ̀pọ̀ àmì tí ẹ ń rí ní ilé iṣẹ́ ìjọba. Ó ń hù fúnra rẹ̀ nínú ìgbẹ́ ilẹ̀ ọ̀dàn, irú ilẹ̀ tí Àbújá wà lórí rẹ̀. Ẹ bèèrè rẹ̀ ní ọgbà òdòdó tí ó bá sún mọ́ yín, kí ẹ wo bí olùtà yóò ṣe wò yín.

Ìjọba ní ilé ẹ̀kọ́ àti ilé ìwádìí tí ó lè ṣe iṣẹ́ yìí. Láti ọdún 1975 ni a ti dá ilé ìwádìí nípa ọ̀gbìn èso àti ewébẹ̀, èyí tí a ń pè ní NIHORT, sílẹ̀ ní Ìdí-Ìṣìn ní Ìbàdàn, òdòdó sì wà lára ohun tí a yàn án láti máa wádìí. Ilé ẹ̀kọ́ gíga fún irú ọ̀gbìn yìí wà ní Dadin Kowa ní Ìpínlẹ̀ Gombe. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ tí ó wà ní Ìdí-Ìṣìn kò lè dé Mpape fúnra rẹ̀, kò sì lè wúlò fún ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dúró sójú kan.

Ní ti ilẹ̀, ohun tí a lè ṣe hàn kedere. Àwọn àyè wà nínú àwòrán Àbújá tí òfin kò gbà kí a kọ́lé sí láéláé: abẹ́ wáyà iná ńlá, etí àwọn odò, àti ìbòjú ewéko tí a fi sílẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà márosẹ̀. Bí a kò bá lò wọ́n, ààtàn ni wọ́n ń dà. Kí àwọn aláṣẹ wọn ilẹ̀ wọ̀nyí, kí wọ́n pín in fún àwọn olùgbìn òdòdó fún ọdún márùn-ún márùn-ún, kí wọ́n máa gba ìṣákọ́lẹ̀ tí ó mọ níwọ̀n, kí ìwé náà sì wí pé oṣù mẹ́fà ni a ó fi ṣe ìkìlọ̀ bí ìjọba bá fẹ́ gba ilẹ̀ rẹ̀ padà. Oṣù mẹ́fà tó kí òdòdó tí ó wà nílẹ̀ di títà. Kò ní ná ìjọba ní owó púpọ̀, ilẹ̀ náà kò sì ní kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Bí a bá sì ń gbé iṣẹ́ ọgbà títì fún àwọn agbaṣẹ́ṣe, kí a kọ ọ́ sínú àdéhùn pé lọ́wọ́ àwọn olùgbìn kéékèèké wọ̀nyí ni wọn yóò ti ra apá kan ohun tí wọn yóò gbìn.

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ wà ní Mpape àti ní àwọn àdúgbò bí irú rẹ̀ ní àyíká Àbújá, ọ̀rọ̀ kù díẹ̀ tí ó kàn yín gan-an. Ìwé tí olórí àdúgbò tàbí ọmọ onílẹ̀ bá fọwọ́ sí kì í ṣe ìwé tí Mínísítà mọ̀, bí ó ti wù kí òǹtẹ̀ orí rẹ̀ pọ̀ tó. Kí ẹ tó fi owó tí ẹ fi oògùn ojú pamọ́ ra ilẹ̀ láti fi ṣe ọgbà òdòdó, ẹ mọ̀ pé àyè nìkan ni ẹ rà lọ́wọ́ onílẹ̀, ẹ kò tíì ra ẹ̀tọ́ lọ́wọ́ ìjọba. Kò burú kí a lo ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, a kò sì gba ẹnikẹ́ni níyànjú pé kí ó fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kí a má kọ́ ohun tí a kò lè tú.

Èkejì, ẹnìkan ṣoṣo kò lè bá ọ́fíìsì ìjọba sọ̀rọ̀ kí ó wọ̀ wọ́n létí. Ẹ dá ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ sílẹ̀, kí ẹ pe àwọn Gbagyi tí ń ṣe iṣẹ́ yìí kan náà mọ́ra, àti Hausa àti Tiv, nítorí pé ẹgbẹ́ tí ó bá jẹ́ ti Yorùbá nìkan ní ìlú tí kì í ṣe ti Yorùbá kò ní lọ jìnnà. Ẹ kọ iye òdòdó tí ẹ ní sílẹ̀, ẹ ya àwòrán ọgbà yín pẹ̀lú ọjọ́ lórí rẹ̀, kí ẹ sì tọ́jú ìwé owó gbogbo tí ẹ bá san fún ẹnikẹ́ni tí ó bá gba owó lọ́wọ́ yín ní orúkọ ìjọba. Bí ọ̀ràn bá dé ilé-ẹjọ́, irú àwọn ìwé wọ̀nyí ni adájọ́ yóò bèèrè.

Ẹ̀yin tí ẹ sì jẹ́ oníbàárà, tí ẹ ní ilé ní Gwarinpa tàbí ní Kubwa, tàbí ní Kaduna àti Mínà, ìbẹ̀rẹ̀ òjò ni kí ẹ lọ ra òdòdó. Owó rẹ̀ a máa dín kù nígbà náà, òjò yóò sì bá yín tọ́jú rẹ̀ fún oṣù márùn-ún kí ọyẹ́ tó dé. Bí ẹ bá ń gbìn ín, ẹ ya ọ̀rá náà kúrò pátápátá, ẹ má ṣe sin ín mọ́ ọ̀rá bí a ti ń rí i lọ́pọ̀ ilé. Gbòǹgbò tí ó bá ká jọ sínú ọ̀rá kì í ríbi gbà jáde, ọdún kejì ni ẹ ó rí i tí igi náà ń rù. Kí ẹ sì bèèrè pèrègún. Ẹ lè gé ẹyọ ọ̀pá kan sí mẹ́ta, kí ẹ gbin gbogbo rẹ̀, ilẹ̀ tútù nìkan ni ó ń fẹ́.

Òjò àkọ́rọ̀ Àbújá a máa bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹrin. Ẹgbẹ́ tí ó bá fẹ́ kọ̀wé sí àwọn aláṣẹ nípa ilẹ̀ abẹ́ wáyà iná, kí ó ti kọ ọ́ kí oṣù Kejì tó parí, nígbà tí òdòdó ọjọ́ olólùfẹ́ bá ṣì wà lórí tábìlì àwọn ọ̀gá ní ọ́fíìsì.